Ìka Monghi-ba Tí Ẹ̀rọ Kò Mọ̀

Monghi-ba ni gbogbo wa ń pè é, torí "ba" ni ìyá lédè wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun ti funfun lórí àwọn mìíràn nínú àwa tí a ń pè é bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé mò ń kọ "ó" fún un dípò "wọ́n", ẹ má sọ pé Kanku kò gbẹ̀kọ́ nílé. Òun fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ fún mi. Ó ní, "Kanku, ẹyọ kan péré ni mí. Má sọ mí di púpọ̀ o. Omi inú àgbá mi ò lè tó gbogbo wọn mu."

Oko iyọ̀ tèmi ló tẹ̀lé tirẹ̀ nínú aṣálẹ̀ Rann, ní Gujarat wa níbí, nílẹ̀ Íńdíà. Mo ní ó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n bí mo bá pariwo títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi bẹ́, kò lè gbọ́ mi. Ilẹ̀ náà tẹ́ lọ rẹrẹ, kò sí igi, kò sí òkè. Láti ìgbà tí omi òjò bá ti gbẹ títí di ìgbà tí òjò mìíràn yóò rọ̀, oṣù mẹ́jọ gbáko, ibẹ̀ là ń gbé. A ó fa omi iyọ̀ láti abẹ́ ilẹ̀, a ó tẹ́ ẹ sóòrùn, a ó máa fi irin eléyín wọ́ ọ lójoojúmọ́ títí yóò fi dì. Bí òjò bá dé, aṣálẹ̀ a di òkun, a ó kó ẹrù wa padà sí abúlé.

Inú ahéré kan nínú aṣálẹ̀ yìí ni wọ́n bí Monghi-ba sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí wọ́n fi í fún Savshi, ọdún mẹ́tàlélógójì ni wọ́n sì jọ fi wọ́ iyọ̀. Wọ́n bí ọkùnrin mẹ́ta. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ sí ìlú Morbi, níbi tí wọ́n ti ń ṣe táìsì ilẹ̀ ilé, wọ́n sì ń bẹ ìyá wọn pé kó wá jókòó lábẹ́ fáànù. Kò gbà. Èmi mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí Savshi kú lásìkò òjò, ní ọdún méjì ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí, a sun òkú rẹ̀ bí àwa ti ń ṣe é. Iná jẹ gbogbo ara rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò jó. Iyọ̀ ti sọ wọ́n di òkúta. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí fún àwa oníyọ̀. Monghi-ba kó wọn sínú àpò kékeré, ó bu iyọ̀ lé wọn, ó sì dúró títí ilẹ̀ fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ló rì wọ́n mọ́ etí oko wọn.

Ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé, "Níbo ni mo fẹ́ lọ? Ẹsẹ̀ bàbá yín ò tíì kúrò lóko."

Kí fóònù tó dé, dígí la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nínú Rann. A ó gbé e sí oòrùn, a ó darí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí ẹni tí a fẹ́ bá sọ̀rọ̀, yóò sì kọ mànà sí i lójú láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀ẹ̀kan, ìyẹn ni pé mo wà láàyè, mo jí dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì, tíì ti hó, ẹ wá. Bó bá ń ṣẹ́ wìrìwìrì láìdúró, ejò ni tàbí àìsàn, ẹ sáré. Bó bá jẹ́ iye nǹkan lo fẹ́ sọ, àpò mélòó tàbí èèyàn mélòó, wàá kọ mànà iye rẹ̀, wàá sinmi díẹ̀. Monghi-ba ni ọ̀gá wa nídìí rẹ̀. Bí ọwọ́ èèyàn ṣe ń gbọ̀n ló fi ń mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ní dígí tèmi ń ṣàròyé bí ẹnu mi.

Fóònù dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá a dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú, mi ò sì ní fi pamọ́. Àwọn tó ń fi iyọ̀ wa se ọbẹ̀ ní ìlú ńlá, íńtánẹ́ẹ̀tì ń bá wọn wọ ilé ìwẹ̀. Àwa tí a wọ́ iyọ̀ náà, ibì kan ṣoṣo la ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì: orí ilé ìṣọ́ onírin tí àwọn tó ń ṣọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ igbó kọ́ tí wọ́n sì pa tì. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, kó múra àtigun irin.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ìròyìn dé pé gbogbo oníyọ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò bá ní ìwé tuntun lọ́wọ́ lẹ́yìn òjò, àwọn ẹ̀ṣọ́ kò ní jẹ́ kó wọ aṣálẹ̀ mọ́. Orúkọ Savshi ló wà nínú ìwé àtijọ́. Savshi sì ti kú. Bí Monghi-ba kò bá fi orúkọ tirẹ̀ rọ́pò, oko náà ti bọ́ nìyẹn, tòun ti ẹsẹ̀ tó wà létí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọkọ̀ ìjọba yóò fi dúró nídìí ibi tí ọkọ̀ omi ti máa ń já omi sílẹ̀ fún wa. Ọjọ́ kẹta, tó jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, ni wọ́n fún ẹkùn tiwa.

Òun àti èmi la jọ lọ láàárọ̀. Ọkọ̀ náà ní àwo ńlá kan lórí tó ń wo ojú ọ̀run. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sínú rẹ̀ ń jẹ́ Bhargav, oòrùn ti bó o nímú, ó sì ń mu omi bí ẹṣin. Ọmọ tó ní sùúrù ni, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń ka ìka gba méjì lọ́wọ́ òsì mi, Bhargav sì kọ orúkọ mi. Ó kan Monghi-ba.

Monghi-ba tẹ àtàǹpàkò ọ̀tún. Ẹ̀rọ náà ké. Ó tẹ òsì, ó tún ké. Ó tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán.

Bhargav ní, "Ba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ fọ ọwọ́ yín."

"Ọmọ mi, ó lé lógójì ọdún tí mo ti ń fọ̀ ọ́ nínú omi iyọ̀. Bó bá ṣeé fọ̀ ni, ì bá ti mọ́."

"Ẹ̀rọ ní òun ò rí ìka kankan, Ba. Ó ní ó ń dán."

"Kí ló wá ń bu oúnjẹ sẹ́nu mi láti àárọ̀?"

Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Mo bi Bhargav bóyá ẹ̀rọ tó ń wo ẹyinjú wà, torí mo ti gbọ́ nípa rẹ̀. Ó ní ó wà ní ìlú, wọn ò gbé e wá. Ó wá ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kí ẹ̀rọ fi nọ́ńbà mẹ́rin ránṣẹ́ sórí fóònù tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ìwé Savshi. Bí a bá ti ka nọ́ńbà náà fún òun, ó parí.

Monghi-ba ki ọwọ́ bọ àyà, ó yọ fóònù Savshi jáde nínú ọ̀rá. Fóònù kékeré oníbọ́tìnnì ni, rọ́bà ni wọ́n fi so ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan lórí rẹ̀.

Mo pe Bhargav ní sahib, bí a ti ń pe ọ̀gá. Mo ní, "Sahib, íńtánẹ́ẹ̀tì kún orí ọkọ̀ yín. Ẹ bù díẹ̀ fún un."

"Ti kọ̀ǹpútà nìkan ni, Kanku-ben. Fóònù yìí ò lè mu ún. Ẹ gbé e lọ síbi tó ti ń ríran."

"Orí ilé ìṣọ́ ni ibẹ̀. Ìrìn wákàtí kan ni."

Ó nu gíláàsì ojú rẹ̀. "Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni nọ́ńbà náà máa ń lò kó tó kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n sì gbà fún èèyàn. Bí ẹ̀ẹ̀mẹta bá kọjá, orúkọ yẹn ti tì pa títí di ọdún tó ń bọ̀."

Ọdún tó ń bọ̀ ti kọjá òjò. Monghi-ba yíjú, ó wo ilé ìṣọ́ tó dà bí abẹ́rẹ́ ní ọ̀kánkán, ó wo oòrùn, ó sì fa dígí yọ nínú ẹ̀gbẹ́ ìró rẹ̀. Ó ní, "Kanku, ìwọ lo kàwé. Gba fóònù yìí, kó o gun òkè. Ohunkóhun tó bá wọlé, kọ mànà rẹ̀ sí mi."

Kíláàsì karùn-ún ni mo kà kí wọ́n tó fún mi lọ́kọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ojú ọ̀mọ̀wé ni gbogbo wọn fi wò mí. Mo fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì rìn débẹ̀. Irin ilé ìṣọ́ náà gbóná débi pé aṣọ ni mo fi wé ọwọ́ kí n tó lè gùn ún. Nígbà tí mo dé òkè, fóònù Savshi tanná, ilà nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì yọ lójú rẹ̀. Mo yọ dígí tèmi, mo kọ mànà ẹ̀ẹ̀kan. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí ọkọ̀ náà ti kéré bí eṣinṣin, ìmọ́lẹ̀ Monghi-ba dá mi lóhùn.

Kò pẹ́, fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Nọ́ńbà náà ni 7042. Mo kọ mànà méje, mo sinmi. Mo kọ mẹ́rin, mo sinmi. Mo kọ méjì. Mo jókòó, inú mi ń dùn bí ẹni tó ti bí ìbejì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n ròyìn rẹ̀ fún mi lẹ́yìn. Monghi-ba ń ka ohun tó rí sókè: "Méje. Mẹ́rin. Méjì." Bhargav dúró.

"Ó ku ọ̀kan, Ba."

"Kò rán òmíràn."

"Mẹ́rin ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́."

"Mẹ́ta ló rán. Ojú mi ò fọ́."

Ìṣẹ́jú márùn-ún pé, nọ́ńbà náà kú. Ìmọ́lẹ̀ Monghi-ba bẹ̀rẹ̀ sí í yí po níwájú mi: tún un ṣe. Mo wò ó, ẹnu yà mí. Kí ni mo ṣe tí kò dára? Fóònù tún gbọ̀n. 5008. Mo ṣe é díẹ̀díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, bí ẹni ń fún ọmọ lóògùn: márùn-ún, mo sinmi dáadáa, mẹ́jọ.

Bhargav fọwọ́ gbá iwájú orí. "Méjì péré! Ba, ṣé kì í ṣe pé òdo wà nínú rẹ̀?"

"Kí ló ń jẹ́ òdo?"

"Òfo, Ba. Kí nǹkan má sí níbẹ̀."

Monghi-ba wò ó bí ìgbà tí oòrùn ti mú ọmọ náà lórí. "Sahib, ta ló máa gbé dígí sókè láti sọ pé nǹkan kan ò sí?"

Òótọ́ ló sọ. Ọwọ́ mi ti ń kọ mànà láti kékeré, kò kọ́ láti rán ohun tí kò sí. Bhargav gbìyànjú àtimọ ibi tí àwọn òfo náà jókòó sí, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n lè wà pọ̀, àsìkò sì tán. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ náà tún yí po, mo wo ojú fóònù lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn òfo méjì náà jókòó sí àárín márùn-ún àti mẹ́jọ, wọ́n ń wò mí. Mo bú ara mi, mo bú olùkọ́ mi, mo bú ẹni tó kọ́kọ́ rò pé ó yẹ kí òfo ní àyè tirẹ̀ láàárín nọ́ńbà. Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n wákàtí kan ni, oòrùn ò sì ní dúró de ẹsẹ̀ mi. Bí mo bá kọ mànà mẹ́wàá, yóò kà á sí mẹ́wàá. Bí mo bá dákẹ́, yóò kà á sí ìdákẹ́.

Fóònù gbọ̀n. 6010.

Mo kọ mànà mẹ́fà. Mo dúró. Ìgbà náà ni mo rántí àmì kan tí a kì í sábà lò, tí a kì í sì í fi ṣeré láéláé. Bí omi bá tán pátápátá nínú ilé, tí ọkọ̀ omi ò dé, a ó dẹ dígí sílẹ̀, a ó sì fà á lọ díẹ̀díẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún kí gbogbo ẹkùn lè rí i, bí ẹni ń da ẹ̀kán ìkẹyìn. Àgbá ti ṣófo. Ẹni tó bá ṣe é lásán nínú Rann, ó ti ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́. Mo ní kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo dẹ dígí sílẹ̀, mo sì fà á.

Lọ́hùn-ún, Monghi-ba ké: "Mẹ́fà!" Lẹ́yìn náà ló fò dìde. "Àgbá ti ṣófo! Yéè, òùngbẹ ń pa Kanku lórí irin! Ẹ gbé omi!" Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan kó tó dúró gbagidi. Wọ́n ní ó dúró bẹ́ẹ̀ bíi kó ka mẹ́wàá. Ó wá yí padà sí Bhargav.

"Òfo! Sahib, òfo ló rán! Kọ ọ́!"

Ó kọ ọ́.

"Ọ̀kan! Òfo lẹ́ẹ̀kan sí i!"

Nǹkan róbótó kan ń yí lójú kọ̀ǹpútà, ó ń yí. Ó di àwọ̀ ewé. Orúkọ Savshi kúrò, orúkọ Monghi wọlé sí àyè rẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Bhargav fò sókè débi pé ó forí gbá òrùlé ọkọ̀.

Èmi tí mo wà lókè, mi ò mọ gbogbo èyí. Mo kàn rí ìmọ́lẹ̀ tó ṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, ó sinmi, ó tún ṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Tíì ti hó, wá. Mo bú sẹ́kún. Obìnrin tó ti ju ogójì ọdún lọ, lórí irin tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń wò.

Nígbà tí mo nu ojú mi tán ni mo rí i pé wàhálà dé. Láti gbogbo igun Rann, àwọn èèyàn ń bọ̀. Obìnrin mẹ́fà gbé ìkòkò omi lórí. Alùpùpù kan so kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin mọ́ra. Vashrambhai, tó dàgbà ju Monghi-ba lọ, ló ṣáájú gbogbo wọn pẹ̀lú ọ̀pá àti àpò awọ.

Ó kígbe láti ìsàlẹ̀ pé, "Kanku! Ta ni òùngbẹ ń pa?"

"Kò sẹ́nìkan, Vashrambhai. Ẹ forí jì mí."

"Kí lo wá da àgbá òfo sí wa lójú fún? Ẹ̀ẹ̀mejì!"

"Ìjọba ni mò ń rán an sí!"

"Áà! Òùngbẹ wá ń gbẹ ìjọba?"

Wọ́n bú mi títí ó fi tó. Mo gbà á, torí ó tọ́ sí mi. Nígbà tí mo ṣàlàyé, Vashrambhai wo ìka tirẹ̀ tí ẹ̀rọ ti kọ̀ láàárọ̀, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì yọ fóònù rẹ̀. Ó ní, "Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbẹ̀ yẹn, kí n gbé e fún ọ." Bí mo ṣe di akọ̀wé orí irin nìyẹn. Bhargav ní òun ò ní lọ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Èèyàn méje la fi dígí kọ sínú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ yẹn, Monghi-ba ló sì ń ka gbogbo rẹ̀ sókè fún un. Àwọn mẹ́ta kù tí oòrùn ò dúró fún. Ó kọ orúkọ wọn sínú ìwé rẹ̀, ó ní òun á gbé ẹ̀rọ ojú bọ̀. Ó gbé e bọ̀ lóòótọ́ lọ́sẹ̀ kejì.

Nínú Rann, a kì í gbé omi tí a ti gbé jáde fún olóùngbẹ padà sílé. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n rù lọ sí ahéré Monghi-ba. Nígbà tí mo débẹ̀ lálẹ́, àgbá rẹ̀ méjèèjì ti kún dé ẹnu, ó gbé ìkòkò tíì ńlá kaná, ó sì di ìwé rẹ̀ mú bí ẹni di ọmọ tuntun. Wọ́n ní wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí wọ́n wò ó, kò gbà fún ẹnikẹ́ni.

Ó ní kí n jókòó. "Kanku, fi òfo yẹn hàn mí. Èyí tó fẹ́ gba oko lọ́wọ́ mi."

Mo fi ìka ya á sórí iyọ̀ níwájú wa. Ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó pẹ́.

"Àgbá nìyí," ló sọ. "Èèyàn ló dúró lókè tó ń wo ẹnu rẹ̀."

Mo wò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí, n kò sì rí i bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo ọjọ́ ayé mi.

Ó gbójú sókè, inú ń bí i díẹ̀. "Ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí, tí gbogbo yín fi ń gbé e pamọ́ fún mi láti gbogbo ọdún yìí wá? Ya èyí tó kàn."

Mo ya ọ̀kan fún un, ó yà á tẹ̀lé mi. Mo ya méjì. Ìgbà tí a fi dé mẹ́rin, tíì ti hó dà sínú iná.